Ìdá Mẹ́ta Tí Mo Máa Ń Fi Kún Eré Ọmọ Mi

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan pè mí lórí fóònù láti béèrè irú èèyàn tí ọmọ mi jẹ́, mo ba ọmọ náà jẹ́ fún un tayọ̀tayọ̀. Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo ní oúnjẹ nìkan ló mọ̀. Mo ní bí ilé bá wó lé e lórí nígbà tó ń sùn, yóò kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà ni. Inú yàrá ìsinmi àwa awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, tíì mi wà níwájú mi, inú mi sì dùn pé mo ń hùwà àgbà.

Kí n tó sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí lé mi lórí, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọmọ ọ̀hún jẹ́. Òun ni àbíkẹ́yìn wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni nígbà náà, ó sì ga débi pé ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè wọ kíṣìnì wa ní Goresbrook, ní Dagenham tó wà ní London. Nígbà tá a kó kúrò ní Peckham wá sí Dagenham, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, àwọn aládùúgbò sì ń bi wá pé iléèwé gíga wo ló ń lọ. Ó ti fọ́ àga mẹ́ta nílé wa láìjà, láìbínú; jíjókòó lásán ló jókòó. Ìyá rẹ̀ kì í bá a wí. Ó ní àwọn àga ayé òde òní ni kò lágbára.

Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Rush Green ni ọ̀rẹ́ kan mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Èmi rò pé bọ́ọ̀lù tí gbogbo ayé mọ̀ ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wò ó ni mo rí i pé bọ́ọ̀lù wọn rí bí èso kòkó, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un sá, àti pé gbogbo wọn dé ẹ̀límẹ́ẹ̀tì bí ọlọ́kadà tó gbọ́ pé ọlọ́pàá wà níwájú. Iṣẹ́ ọmọ tèmi nínú gbogbo rẹ̀ ni kó má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rárá. Ó kàn máa dúró níwájú ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má ráyè kọjá. Mo bi í pé ṣé iṣẹ́ ọlọ́dẹ nìyẹn, irú èyí tí èmi náà ṣe fún ọdún méjì nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Daddy, basically, yeah.” Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gba eré náà gbọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ní Amẹ́ríkà máa ń rán àwọn èèyàn kiri ayé láti wá àwọn ọ̀dọ́ tó lè bá wọn gbá a. Skáòtù ni wọ́n ń pè wọ́n. Skáòtù kì í wo bí èèyàn ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan. Wọ́n á wo ọ̀dọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù: wọ́n á wọn gíga rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á wọn apá rẹ̀ àti ìbú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n á ní kó fò, kó gbé irin, kó sì sá eré ogójì yáàdì. Wọ́n á sì tún béèrè ìwà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ mi gba ìwé pé kó wá fún àyẹ̀wò yìí ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan ní Barking. Bó bá yege, yóò lọ sí Amẹ́ríkà fún oṣù mẹ́ta, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti máa mú àwọn tí wọ́n bá fẹ́. Bí kò bá yege, ó parí nìyẹn, kó máa gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Ripple Road. Ó fẹ́ nǹkan náà débi pé kì í lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì, ó sì ń jẹun níwájú rẹ̀.

Eré ogójì yáàdì yẹn ló ń dẹ́rù bà á jù. Ó ti gbọ́ pé èèyàn ńlá bíi tòun, tí eré rẹ̀ bá ti gbà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ, wọn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́jọ, a máa ń lọ sí pápá tó wà nítòsí ilé wa. Òun á sá, èmi á di aago mú. Kò sí ẹni tó yẹ níṣẹ́ yẹn bíi tèmi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí; bí mo bá pẹ́ ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á ti máa pè mí lórí rédíò. N kì í fi àkókò ṣeré.

Àfi pé mo ń purọ́ fún un. Bí aago bá sọ pé márùn-ún àti ìdá kan, èmi á pariwo pé márùn-ún àti ìdá mẹ́rin. Ìdá mẹ́ta ni mo máa ń fi kún un nígbà gbogbo, n kì í fi méjì kún un, n kì í fi mẹ́rin kún un, torí mo jẹ́ olóòótọ́ èèyàn. Ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kì í ṣe nǹkan kan. Kí èèyàn pajú dé kó sì là á ni. Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni mo máa ń kọ sẹ́yìn ìwé kékeré tí mo fi ń kọ ìwàásù, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní dé, torí kò sẹ́ni tó ń ka ìwàásù tó ti kọjá.

Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. A kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀. Ní Èkìtì, nígbà tí mo ṣe ipò kìíní ní kíláàsì wa, bàbá mi wo káàdì náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ṣé àwọn yòókù ń ṣàìsàn ni. Mo ṣe ipò kìíní lọ́dún tó tẹ̀ lé e kí n lè fi hàn án pé ara àwọn yòókù ti yá. Torí náà mo mọ̀ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi á gbọ́ ìdá mẹ́rin tí mo pè, á jókòó sórí koríko, á mí sókè mí sódò, á dìde, á ní, “One more, Daddy.” Mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń padà lọ sórí ìlà, inú mi á dùn, ojú mi á sì le.

Ìyẹn lẹ fi máa lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù. Nílé wa, bí bàbá kan bá sọ pé, “Ọmọ mi yìí, ọ̀lẹ paraku ni,” ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Yóò ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, sà, ọmọ gidi ni, Ọlọ́run á dá a sí.” Bàbá á ní, “Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni.” Ẹni yẹn á tún gbé ọmọ ga sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ títí tí ìyìn ọmọ náà á fi kún ilé, tí kò sì ní jẹ́ ẹnu bàbá ló ti jáde. Mo ṣe apá tèmi. Mo sọ pé ọ̀lẹ ni, mo sì dúró kí skáòtù tó pè mí náà gbà á lẹ́nu mi. Kò gbà á. Mo sọ ti oúnjẹ. Ó ní, “Okay.” Mo wá sọ pé olórí kunkun ni, pé bí wọ́n bá mú un, wọ́n á kábàámọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀ mí. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀: kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún òótọ́ tí mo sọ, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé skáòtù pè mí, pé èèyàn dáadáa ni ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó gbé ìkòkò tó ń fọ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe lọ. Mo sọ ọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ nu iwájú orí.

“Daddy,” ó ní, “òyìnbó yẹn ò mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe àgbà. What you said is what he wrote. Yinni-yinni kẹ́ni lè ṣèmíì ni àwọn yẹn mọ̀. Ẹ ti ba ọmọ yẹn jẹ́.”

Mo fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo rántí kẹ̀kẹ̀kẹ̀ yẹn. Mo pe nọ́ńbà náà padà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ohùn obìnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló ń dá mi lóhùn, ó ní àwọn mọyì ìpè mi. Àyẹ̀wò ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún ọmọ náà. Mo ní màá sọ.

N kò sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ lọ́jọ́ Sunday. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, wòlíì wa sì jẹ́ ẹni tó mọ àdúrà gbà. Mo ní kó bá mi gbàdúrà fún ọmọ mi, pé ẹnìkan ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa níbi tó ti fẹ́ rí ojúrere. Kò bi mí pé ta ni. Ó wọ́ èmi àti ọmọ náà síwájú pẹpẹ, àwa méjèèjì nínú sùtánà, láìwọ bàtà, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní gbogbo ẹnu tó ń sọ ibi nípa ọmọ yìí, kí Ọlọ́run dí i. Gbogbo ìjọ ní àmín. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ elénìní yẹn, kó wú. Wọ́n ní àmín. Ó ní kí ahọ́n náà gbẹ mọ́ òkè ẹnu. Ìyàwó mi wà lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ àmín tirẹ̀ ketekete. Ọmọ mi náà ń ṣe àmín, ó di ọwọ́ mi mú. Àmín tèmi kéré débi pé wòlíì ṣí ojú kan wò mí, ó ní kí bàbá ọmọ jọ̀ọ́ jí sí àdúrà. Mo ṣe àmín sókè. Lọ́jọ́ Tuesday, eyín kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lápá ọ̀tún, nígbà tó sì fi máa di Wednesday ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò, ọmọ náà ò jẹun tán, irú èyí tí n kò rí rí. Ó ní òun ò rò pé òun máa lọ. Ó ní kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Òun mọ eré òun, oṣù mẹ́jọ lòun ti ń sá a, ìdá kan péré tó kù ni òun ò lè rí yọ kúrò. Ìyàwó mi gbójú lé mi. Ibi tí ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Mo fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, mo ní kó lọ ṣe èyí tí agbára rẹ̀ bá gbé. Ojú ara mi tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó lọ ṣá, èmi ni mo sì gbé e lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ tó ogójì, gbogbo wọn tóbi, ṣùgbọ́n tèmi ló tóbi jù, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. A dúró lẹ́yìn okùn, àwa òbí. Skáòtù náà jẹ́ ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó dé fìlà, tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, tó gbé kọ̀ǹpútà kékeré sí ọwọ́ òsì bí ẹni gbé àwo oúnjẹ. Wọ́n wọn ọmọ mi láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n na apá rẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n sì ń pe gbogbo nọ́ńbà náà sókè létí gbogbo ayé. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bí mi, èèyàn méjì ló ń wọn èèyàn: télọ̀ àti káfíńtà tó ń kan pósí. Mo gbàdúrà díẹ̀ lábẹ́ ẹnu mi. Lẹ́yìn ìyẹn ó fò, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ìgbà tó padà balẹ̀. Ó gbé irin títí ẹni tó ń kà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku eré. Ó dúró sórí ìlà, ó wo ibi tí mo wà. Mo ṣe ojú mi le bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó sá. Kò sí ẹni tó di aago mú. Ẹ̀rọ kan ló ń wò ó, nọ́ńbà sì yọ lára pátákó. Márùn-ún géérégé ni.

Ọmọ mi wo pátákó náà. Dípò kó fò sókè, ó rìn lọ bá skáòtù, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bá a ṣe kọ́ ọ, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Skáòtù ní ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Ọmọ mi ní, “Sir, I don't run that. Swear down. I'm a five point four.” Skáòtù wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí ẹni tó ń bẹ òun pé kí òun dín eré ẹni náà kù. Wọ́n ní kó tún un sá. Márùn-ún géérégé. Ọmọ mi mi orí, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, bàbá òun ló máa ń di aago mú, bàbá òun kì í ṣàṣìṣe, ó sì nàka sí mi.

Skáòtù wá bá mi lẹ́yìn okùn, ọmọ mi tẹ̀ lé e. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó wú, ó bi mí pé ṣé èmi la jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo rẹ̀ jáde: ọ̀lẹ, alájẹkì, olórí kunkun, ẹ máa kábàámọ̀. Ó ní ohun tí òun kọ sílẹ̀ ò jọ ọmọ tí òun rí yìí. Ọmọ mi yíjú sí mi. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́, ìyẹn ló sì dùn mí ju eyín lọ.

Mo mú ìwé ìwàásù jáde lápò, mo ṣí i láti ẹ̀yìn, mo gbé e fún skáòtù. Mo sọ ti ìdá mẹ́ta. Mo ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ tiwa, a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀, kí orí rẹ̀ má baà wú, kí ojú ayé má baà wọ̀ ọ́ lára. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó ka ìwé náà láti ojú ewé kan dé èkejì.

Ó ní, “Ó yé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, ọmọ yìí ò sí níbẹ̀.”

Òótọ́ ni. Kò sí níbẹ̀. Mo lè sọ ohun tó wù mí nípa rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, etí rẹ̀ ò ní gbọ́ ọ, orí rẹ̀ ò sì ní wú. Ó ti mọ́ mi lára débi pé n kò mọ èyí tí mo ń ṣe mọ́. Skáòtù náà dúró. Ó ní ọmọ náà wà níbí báyìí, kí ni màá sọ?

Mo ní, “Kì í ṣe ọ̀lẹ. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń jáde lọ wa bọ́ọ̀sì. Ọdún márùn-ún rèé, kò sí ọjọ́ kan tí mo sọ̀ kalẹ̀ wá sí kíṣìnì tí n kò bá a níbẹ̀, tó ti po tíì dè mí, tó ti wọ bàtà eré rẹ̀. Mi ò tíì kí i pé o ṣé rí. Ẹnu tèmi ló ya ọ̀lẹ.”

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ nídìí okùn náà. Skáòtù fi ìka kan tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀, kò tètè gbé e kúrò. N kò mọ kọ̀ǹpútà púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́.

Nínú mọ́tò, ọmọ náà ń ka ẹ̀yìn ìwé ìwàásù mi. A ti dé Ripple Road kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé láti February ni eré òun ti tó èyí tí wọ́n fẹ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rín in débi pé àga tó jókòó lé ń ké. Lẹ́yìn náà ó pa ìwé náà dé. Ó ní, “I nearly didn't come today, Daddy.” Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó má bínú. Èmi gan-an ò rántí ìgbà tí mo bẹ ọmọ kan rí.

Wọ́n mú un. Ìwé dé lọ́sẹ̀ kẹta, ìyá rẹ̀ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì lórí ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀, a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì ní kí ìjọ bá wa yin Ọlọ́run tó pa ẹnu elénìní dé, tó sì sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ di wíwú. Àmín tí ọmọ mi ṣe mú kí àwọn tó wà níwájú wẹ̀yìn. Ó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n wá ní kí ọlọ́pẹ́ jó bọ̀ wá síwájú, ìlù sì sọ. Ó tẹ̀ mọ́ mi létí, ó ní, “Daddy, how much lẹ fẹ́ fi kún un lónìí?”

Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Mo ní márùn-ún géérégé ni, bó ṣe rí gan-an nìyẹn, ó sì dára púpọ̀. Ó ní òun ò gbọ́, ariwo ìlù ti pọ̀ jù. Mo mọ̀ dájú pé ó gbọ́. Mo tún un sọ.